Ìkòkò Oyin Tó Ṣẹ́kù

Láti ìgbà tí oko rẹ̀ ti jóná, Bàbá Awóbọ̀dé kì í fi oyin kan ẹnu mọ́. Bí wọ́n bá gbé e wá fún un, á ní kí wọ́n fún àwọn ọmọdé. Ohun kan ṣoṣo tó kó bọ̀ láti oko náà ni ògùṣọ̀ kan tí iná ti jẹ dé ìdajì, tí wáyà bàbà wé mọ́ ìdí rẹ̀ yíká. Ó fi í há àjà yàrá rẹ̀ ní Ìlọ́bù. Àwọn àgbà ilé mọ ẹni tó ni ín. Nínú gbogbo olóyin àyíká náà, Àmúdà ará Ìfọ́n nìkan ló ń fi wáyà bàbà di ògùṣọ̀ tó fi ń rú èéfín sí oyin.

Kí ìjà ilẹ̀ Ìlọ́bù àti Ìfọ́n tó le, Àmúdà àti Awóbọ̀dé ti jọ ń sin oyin láàárín ìlú méjèèjì, wọ́n sì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Iná wá sọ lọ́jọ́ kan, kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ tó ṣá a. Nígbà tí Awóbọ̀dé dé oko lọ́jọ́ kejì, eérú àti àpáàdì àwọn ìkòkò tí oyin rẹ̀ ń gbé ló bá, ògùṣọ̀ Àmúdà sì wà nílẹ̀ láàárín wọn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó mú un, ó gbé e lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ yìí ló wá sọ fún Mọ́ládùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé bó bá di ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ Àìkú, òun á gbé ògùṣọ̀ náà lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé lọ́wọ́.

"Ojú mi ti ń ṣú," ló wí. "Kí n tó lọ, ó yẹ kí wọ́n mọ ẹni tó dáná sun oko wọn."

Mọ́ládùn mọ àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà dáadáa. Wọn ò ní fi ògùṣọ̀ há àjà ní tiwọn.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ Bàbá Àmúdà yìí—"

"Má dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mi."

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lọ́kàn Mọ́ládùn tí kò jẹ́ kó sùn.

Àwòrán ni Mọ́ládùn ń yà jẹun ní Òṣogbo. Mùsíọ́mù kan níbẹ̀ ló gba òun àtàwọn mìíràn láti kọ́ yàrá ńlá kan bí inú ìkòkò oyin, kí ènìyàn lè wọlé síbẹ̀ kó gbé ayé oyin fún ìgbà díẹ̀. Òun ló kun ògiri rẹ̀ láwọ̀ ìda, tó ya afárá sí i lójú kọ̀ọ̀kan, débi pé bó bá dijú díẹ̀, ojú afárá ló ń rí, á sì máa ṣe é bíi pé òun náà níyẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin kan láti Ìfọ́n tó ń jẹ́ Sàídátù ló gbé ìkòkò oyin gidi kan wá fún àfihàn náà, pẹ̀lú oyin láàyè nínú rẹ̀. Bí Mọ́ládùn ṣe rí ẹnu ìkòkò náà, ó dá iṣẹ́ ọwọ́ náà mọ̀. Ìyá rẹ̀ olóògbé, Ìbísọ́lá, ló máa ń fi ọmọńdinrín tẹ amọ̀ tútù yí ẹnu ìkòkò ká báyẹn.

"Bàbá mi ló gbé e jáde nínú iná," Sàídátù wí fún un. "Àmúdà lorúkọ wọn."

Ojú ti Mọ́ládùn fún bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ọmọ náà ní ọ̀tá nílé tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní kí bàbá òun jẹ́ káwọn lọ wo iṣẹ́ òun.

"Wọ́n ń sọ ènìyàn di oyin níbẹ̀, àbí?" Awóbọ̀dé bi í. "Oyin ti ta mí títí láyé mi, kò sẹ́ni tó pè é ní àfihàn."

"Ẹ ṣáà jẹ́ ká lọ, Bàbá. Èmi ni mo kùn ún."

"Ó dáa. Bí kò bá dára, n ó sọ ọ́."

Ẹnu ọ̀nà yàrá náà kéré, ó di kí wọ́n tẹrí ba kí wọ́n tó wọlé. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì móoru. Òórùn ìda gba ibẹ̀ kan. Ariwo oyin ń ti ara ògiri jáde, ó ń ti ilẹ̀ wá, ó ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Àwòrán oyin tó tóbi tó ewúrẹ́ ń rìn kọjá lára ògiri nínú ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú, wọ́n ru ìyẹ̀fun òdòdó sítan, wọ́n ń bọ́ ọmọ, wọ́n ń fi ìyẹ́ fẹ́ ilé. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń pariwo níta dákẹ́ bí wọ́n ṣe wọlé. Awóbọ̀dé ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ló ń ké," ló wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá."

Ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lápá mú. Nígbà tí wọ́n dé àárín, ó dúró, ó dẹ etí.

"Èyí kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ìkòkò náà ló wà níwájú wọn lórí òkúta mẹ́ta, gíláàsì bo ìdí rẹ̀. Sàídátù, tó dúró tì í, kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá. Ẹ̀yìn ni oyin ń gbà jáde."

Ìka rẹ̀ rìn yí ẹnu ìkòkò náà ká lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un rìn.

"Ìbísọ́lá," ló wí, bíi pé obìnrin náà wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú wọn. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Bàbá mi ló gbé e jáde lójú iná, ó jó wọn lápá. Wọ́n gbé e lérí dé Ìfọ́n. Wọ́n fẹ́ kó èyí tó kù, iná ò gbà."

"Ta ni bàbá rẹ?"

Sàídátù wo Mọ́ládùn. Mọ́ládùn mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Àmúdà ni, Bàbá."

Ọwọ́ Awóbọ̀dé ò kúrò lára ìkòkò. "Kí ló dé tí kò fi wá sọ fún mi?"

"Ará Ìfọ́n kankan ò lè wọ Ìlọ́bù nígbà náà. Bàbá mi ní kò séwu, pé ẹni tó ni ín á wá béèrè, torí pé àwọn ti ri ògùṣọ̀ àwọn mọ́lẹ̀ níbẹ̀ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní ká wò ó bóyá olóyin Ìlọ́bù ni."

Àṣà àwọn olóyin ni. Bí olóyin bá gbé ìkòkò ẹnìkejì rẹ̀ kúrò nínú ewu, á ri ògùṣọ̀ tirẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ìkòkò ti kúrò, kí olóhun lè mọ ilé tí yóò lọ. Bó bá wá gba ohun rẹ̀, á dá ògùṣọ̀ padà, á ní, "Mo ti rí ohun mi," wọ́n á sì dá a lóhùn pé, "Ó wà láàyè." Awóbọ̀dé fúnra rẹ̀ ló kọ́ Àmúdà ní àṣà náà. Ṣùgbọ́n iná ti gba orí ògùṣọ̀ náà kọjá, ó ti wó o lulẹ̀, inú sì ti bí ẹni tó rí i.

"Níbo ni bàbá rẹ wà?"

"A ti sin wọ́n, Bàbá. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá."

Oyin ń kùn. Awóbọ̀dé dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì dé e wọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí Mọ́ládùn bá òun mú ògùṣọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé wọn dé Ìfọ́n, ọ̀nà tí kò jìnnà rárá. Awóbọ̀dé gbé ògùṣọ̀ náà sórí itan bí ọmọ tuntun. Ní ẹnu ọ̀nà ilé Àmúdà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Sàídátù. Ó yẹ kó sọ pé, "Mo ti rí ohun mi." Ọ̀rọ̀ náà ò jáde.

"Ó wà láàyè, Bàbá," Sàídátù dá a lóhùn síbẹ̀. "Bí àfihàn bá parí, n ó gbé e wá fún yín."

"Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ. Ọwọ́ yín ló mọ̀." Ó wo àgbàlá. "Fi ibi tí ẹ sin ín sí hàn mí."

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ilé kún yàrá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ògùṣọ̀ tí wọ́n gbọ́ pé Bàbá fẹ́ fi lé àwọn lọ́wọ́.

"Mo ti dá a padà fún olóhun."

"Bàbá, ta ló wá sun oko wa?"

"N kò mọ̀. Ẹni tí mo ń pè ní ọ̀tá mi, ìkòkò mi ló torí rẹ̀ wọ inú iná."

Mọ́ládùn gbójú sókè. Níbi tí ògùṣọ̀ náà ti há àjà, àmì dúdú gbọọrọ ló ṣẹ́kù.