Ọmọ Tí A Kò Tíì Kó Jáde

Fóònù náà sùn sórí tábìlì mi ní yàrá ìròyìn. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, ó sì ń mí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò tíì gbé e jáde kí aráyé rí i, àmọ́ àwòrán rẹ̀ wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nípa rẹ̀: bí èèyàn tilẹ̀ pa á, ó ṣì ń gbọ́ ohun tí à ń sọ, ó sì ń gbé e lọ fún àwọn tó ṣe é. Kò yà mí lẹ́nu pé ó ń mí. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó ní kí ìyá Bísí má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ òun mọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá ti tún gòkè. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Obìnrin kan láti inú ilé iṣẹ́ náà ló gbé e wá fún mi. Èmi àti òun nìkan la mọ̀. Mo ti ṣèlérí fún un pé orúkọ rẹ̀ kò ní jáde lẹ́nu mi, nítorí náà n kò ní í pè é níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlá ni mò ń rọ́.

Àwọn èèyàn ilé iṣẹ́ náà gòkè wá. Mo rò pé ọlọ́pàá ni wọ́n máa kó wá, àmọ́ oyin ni wọ́n gbé lọ́wọ́, àti iyọ̀, omi tútù, orógbó àti ataare. Lọ́yà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbòdi, kí wa dáadáa. Ó ní àwọn kò bá tìjà wá. Ó ní a ti gbé ọmọ àwọn síta kí ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ tó pé, gbogbo ayé sì ti rí ojú rẹ̀, ohun tó kù kò ju kí a jọ sọ ọ́ lórúkọ lọ.

"Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ," ó wí. "A ti wo ilé tiwa, a ò rí ẹni tó gbé e jáde. La bá ní ká wá wo tiyín."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, yàrá ìròyìn di pálọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn kọ̀ǹpútà jókòó sórí ẹní bí àgbà ẹbí, wọ́n ń wúkọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń bu omi fún àlejò. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀, àfi pé kò sí ilẹ̀kùn mọ́.

Obìnrin náà wà láàárín wọn, ó wọ aṣọ ilé iṣẹ́. Wọ́n ní kí ó pọn ọmọ, torí pé òun ló sún mọ́ tábìlì jù. Ó pọn ọ́n, ó fi ọ̀já dè é, ó ń rọra mì. Kò wo ojú mi. Mo mọ̀ pé bí orúkọ rẹ̀ bá jáde níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ.

Lẹ́yìn náà ni Alàgbà Ṣówándé wọlé. Òun ni olóòtú wa kó tó kú ní èṣí. Erùpẹ̀ pupa ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó mú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, ó fi bírò tún àmì ohùn kan ṣe, ó wá bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí a kọ. Mo ní òótọ́ ni, sà. Ó ní ó tán nìyẹn, ó wá ibì kan jókòó sí. Inú mi dùn láti rí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Wọ́n ń gbé abọ́ oyin káàkiri. Nílé wa, ẹni tó bá tọ́ oyin wò níbi ìsọmọlórúkọ gbọ́dọ̀ pe orúkọ kan fún ọmọ. Ta ni kò mọ̀? Síbẹ̀, nígbà tí abọ́ kàn mí, mo ti ki ìka bọ̀ ọ́, mo ti lá a, kí n tó rántí ohun tí wọ́n bá wá. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi. Ó kún ẹnu mi, ó ń ti eyín mi láti inú. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbòdi ti mú bírò lọ́wọ́. Obìnrin náà dẹ́kun mímì. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Alàgbà Ṣówándé tẹ̀ sí etí mi.

"Fún un ní tèmi," ó wí. "Kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi tí ilẹ̀ ò tíì gbà?"

Mo pe Ṣówándé. Gbogbo ilé gbè é, wọ́n ní Ṣówándé ni ọmọ náà á máa jẹ́. Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dá orúkọ ọmọ padà. Mo rò pé ó ti parí.

Fóònù náà gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbòdi wá ní kí ẹnikẹ́ni má rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún mọ́.

"Ẹ jẹ́ kó ké," ó wí. "Bí ọmọ bá ń ké, ọmú ìyá rẹ̀ á dá a lóhùn."

A dúró. Ìmọ́lẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rin aṣọ obìnrin náà láyà, ó funfun bí wàrà. Ó fi apá bò ó. Lọ́yà dìde, ó ń lọ bá a. Ìgbà yẹn ni aṣọ ọmọbìnrin tó ń to ojú ewé fún wa náà tutù, lẹ́yìn rẹ̀ ti ọkùnrin tó ń ya àwòrán. Agbádá Alàgbà Ṣówándé rin gbindin. Mo wo àyà ara mi, ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣàn lọ sí ikùn mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ojú kò tì mí.

Lọ́yà dúró sí àárín pálọ̀. Ó ń wo àyà wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì mọ ẹni tó máa mú. Àwọn tó bá a wá ń wo ara wọn. Ó wá fa kóòtù rẹ̀ pọ̀, ó ń di bọ́tìnnì rẹ̀ kíákíá, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ti ń kán sí bàtà rẹ̀.