Ọ̀nà Ẹ̀bùrú Nínú Àdììtú Ẹ̀rọ

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni bàbá mi ti ń ṣe àdììtú ṣẹ́ẹ̀sì fún ìwé ìròyìn. Á to àwọn ọmọ ayò sórí pátákó, òǹkàwé á sì wá bí ọba dúdú ṣe máa kú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà. Bí èkejì bá yọjú, ọ̀nà ẹ̀bùrú là ń pè é. Àdììtú ọ̀hún ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí olóòtú gbé iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà, Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí. Olóòtú ní, "Ẹ wá ọ̀nà ẹ̀bùrú kan péré nínú ti ẹ̀rọ, Bàbá, màá dá ojú ewé yín padà fún yín."

Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù níwájú Bàbá níbi tó ti ń wá ọ̀nà ọ̀hún. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ọwọ́ ló fi ń dá àwọn ọmọ ayò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pariwo pe èmi ọmọbìnrin rẹ̀.

"Ìyá mi, wá wò ó! Ọwọ́ mi ti tẹ ẹ̀rọ!"

"Ẹ ò tíì fọ ẹnu, Bàbá."

"Ẹnu tí mo fẹ́ fi bú olóòtú, kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fọ̀ ọ́?"

Ó ti ìdérí ìgò kan síwájú, ọba dúdú sì kú. Ẹṣin ni ìdérí yẹn dúró fún. Ẹṣin gidi sọnù lọ́jọ́ tí onílé da ẹrù wa síta nínú òjò. Ẹṣin kì í sì rìn lọ tààrà. Bàbá fọwọ́ kàn án, ó kéré, ó pè é ní ọmọ ogun, èyí tó máa ń rìn tààrà.

Ó ti ń wá bàtà rẹ̀. N kò rí ẹnu sọ ọ́.

Ní ọ́fíìsì, Bàbá ṣàlàyé bó ṣe pa ọba dúdú. Olóòtú wo àwòrán inú ìwé ìròyìn, ó wò mí, mo wo ilẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ tì síwájú níbí?"

"Ọmọ ogun."

"Ẹṣin ló wà níbẹ̀, Bàbá."

Bàbá yíjú sí mi. "Ṣé ẹṣin ni, Ìyá mi?"

"Ẹṣin ni, Bàbá."

Ó yíjú padà sí olóòtú. "Nínú gbogbo èyí tí ẹ̀rọ yín ń ṣe, èwo ló wù ú jù?"

"Kò mọ ìyẹn, Bàbá. Èmi ni mò ń ṣà á."

"Kí lo fi ń ṣà á?"

"Èyí tí àyè bá gbà lójú ìwé."

Bàbá kí i pé ó ṣeun. Lórí àtẹ̀gùn, kò bi mí ìdí tí n kò fi sọ ọ́ nílé. Ó di èjìká mi mú, ó ń fẹsẹ̀ tá iwájú wò.