Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Mi

…kí n dẹra. Kí n ṣáà dẹra. Ṣé ẹ̀wù ni ara ni, tí èèyàn á kàn tú bọ́tìnnì rẹ̀? Èjìká mi tún ti gòkè lọ bá etí. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́… wọn ò gbọ́.

Kóòṣì ò yéé sọ ọ́: "Ara tó le kì í yá. Ẹni tó bá ń fún eyín pọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń so." Òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí ara mi bá dẹ̀, n kì í mọ̀ pé mò ń sáré. Ilẹ̀ ló máa ń sá kọjá lábẹ́ mi. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Àwa mẹ́rin, ọ̀pá kan tá a máa sáré gbà lọ́wọ́ ara wa. Èmi ni mo máa gbà á kẹ́yìn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì ti máa gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi. Ní ìdíje tó kọjá, mo bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ mi gan, ọ̀pá kàn án, ó bọ́… "Bó bá tún bọ́ lónìí," kóòṣì ló wí bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ pariwo, "kó o máa kó ẹrù ẹ lọ sílé." Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sáré. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé?

Mí sínú. Mí síta. Gbọn apá.

Àmọ́ níbi ìdánrawò, bí ẹlòmíì bá gbé ọ̀pá fún mi, ọwọ́ mi máa ń rọ̀, n kì í wẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá nínú mẹ́wàá! Kí ló wá dé tó jẹ́ pé — rárá. Má rò ó. Dẹra.

Ẹ̀gbọ́n mi wà níbi ìlà tiẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ó ń na ẹsẹ̀. Kò wò mí. A kì í sọ̀rọ̀ kọjá ẹ káàárọ̀ mọ́. Òun ló lọ sọ fún kóòṣì pé orúnkún ń dùn mí — orúnkún tí mo fi hàn án nínú yàrá wa, tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fẹ́nì kankan! Wọ́n yọ mí nínú eré ẹlẹ́nìkan. Ta ni wọ́n fi rọ́pò mi? Òun náà ni. "Ẹsẹ̀ ẹ ni mo rò," ó ní. Màámi ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Mo ní mo ti gbàgbé. Ẹnu mi ló gbàgbé.

Ìbọn ti dún. Wọ́n ti gbéra. Ẹnì kejì ti gbà á… ó ti dọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń bọ̀. Bó bá ti kọjá àmì tí mo fi sílẹ̀, kí n kọ ẹ̀yìn sí i, kí n sáré, kí n na ọwọ́ sẹ́yìn, kí n má wò ó.

Kí n kọ ẹ̀yìn sí i…

Háà. Kì í ṣe ìdíje ló ń bà mí lẹ́rù. Kò fìgbà kan jẹ́ ìdíje. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ara mi ti mọ̀ látọjọ́ yìí, èmi ni mò ń pè é ní àìbalẹ̀ ọkàn. Mi ò fọkàn tán ọmọ ìyá mi. Bí mo tilẹ̀ ń mí síta títí di ọ̀la, mi ò fọkàn tán an.

Ó ti kọjá àmì. Mò ń sáré. Ó ń pariwo pé kí n na ọwọ́. Mo nà án — mo sì ti bojú wẹ̀yìn.