Oyè Tó Bọ́ Sọ́jọ́ Ẹjọ́

Ọgbọ̀n ọdún ni Oríọlá, agbẹjọ́rò tí ìjọba yàn fún àwọn tálákà, ti ń gbèjà wọn. Ẹnìkan ò kí i kú iṣẹ́ rí. Àsìkò tí ìlú le yìí ni ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alágbàká, Àkúrẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi oyè yẹ́ ẹ sí. Ó ti rán agbádá kó tó rántí pé ọjọ́ oyè náà gan-an ni ẹjọ́ àgbẹ̀ tí kọmíṣọ́nnà ìjọba yìí kan náà tì mọ́lé nítorí ilẹ̀ máa wáyé, ní kóòtù ìlú Oǹdó.

"Bọ́lánlé, ìdẹ ni oyè yìí o."

"Ìdẹ tẹ́ ẹ rán agbádá dè!" ni ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Màá bá yín gbà á."

Ní kóòtù, olùpẹ̀jọ́ ti ń sọ pé àgbẹ̀ kò ní agbẹjọ́rò nígbà tí Oríọlá wọlé, aṣọ dúdú lórí agbádá, ó wú bíi búrẹ́dì.

Olùpẹ̀jọ́ rọra jókòó. "Wọ́n ní Àkúrẹ́ lẹ máa wà lónìí."

"Ìyàwó mi wà níbẹ̀," ni Oríọlá wí.