Díńgí Tó Bá Ilẹ̀kùn Lọ

Ọdún tí Kàsúmù Àkànó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ra jíìpù. Kì í ṣe jíìpù tuntun. Ọ̀gbẹ́ni kan tó fi iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n jẹun ló fẹ̀yìn tì, tó sì ta ọkọ̀ tó fi ń wọ igbó fún un. Ẹni tó bá ti rìn ní Ṣómólú lẹ́yìn òjò yóò gbà pé ọkọ̀ tó mọ igbó kò ṣàjèjì ládùúgbò wa. Ọgbọ̀n ọdún ni Kàsúmù ti fi ń tẹ ìwé níbẹ̀: kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè, ìwé rìsíìtì, ohunkóhun tí ẹ bá ti fẹ́ kí orúkọ yín wà lára rẹ̀. Láti Ṣómólú dé Bàrígà, Bàbá Sàmàdù ni wọ́n ń pè é, nítorí Àbdùlsàmàd, àkọ́bí rẹ̀.

Ọjọ́ tí Samson, mẹkáníìkì tó ń bá a tọ́jú ọkọ̀, fi hàn án pé ilẹ̀kùn jíìpù náà ṣeé tú ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bóòtù méjì péré ló di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Samson tú wọn kó lè fi epo sí ibi tó ń dún. Kàsúmù jókòó sínú ọkọ̀, atẹ́gùn gba apá ọ̀tún wọlé, ó gba apá òsì jáde, inú bàbá sì dùn bí ọmọdé tí wọ́n gbé gun ẹṣin. Ó ní kí Samson má wulẹ̀ dá ilẹ̀kùn kankan padà mọ́.

Samson ní kò burú, ṣùgbọ́n kí Daddy wò ó dáadáa, ara ilẹ̀kùn ni díńgí méjèèjì wà. Bí ilẹ̀kùn bá lọ, díńgí lọ nìyẹn, òfin ìrìnnà kò sì fẹ́ ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò lè rí ẹ̀yìn. Ó ní òun lè wá díńgí mìíràn tí wọ́n ń dè mọ́ ojú ibi tí bóòtù ilẹ̀kùn wà, kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Kàsúmù bi í pé kí ló wà lẹ́yìn òun tí òun yóò máa wò. Iwájú lòun ń lọ. Díńgí kékeré kan ṣì wà nínú ọkọ̀ lókè, ìyẹn náà ti tó. Lóòótọ́ díńgí náà wà, ṣùgbọ́n páálí bébà tí bàbá máa ń kó sẹ́yìn ọkọ̀ kì í jẹ́ kó fi ohunkóhun hàn ju páálí bébà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò sọ fún Samson, tí kò sọ fún Mojíbọ́lá ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ọrùn rẹ̀ ti gan. Ọgbọ̀n ọdún tó fi tẹrí ba lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti jẹ ọrùn náà run, débi pé bó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo àyà ló gbọ́dọ̀ yí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jíìpù kì í fẹ́ káyé mọ̀ pé ọrùn òun ti ń darúgbó. Torí náà ó ń gbé ọrùn ọ̀hún kiri bí ẹni tí oyè wà lórí rẹ̀.

Ẹ wá wo fàájì. Ọkọ̀ tó nílẹ̀kùn, èèyàn lè gbé gíláàsì rẹ̀ sókè kó di pé òun ò rí ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò nílẹ̀kùn dà bí ìgbà téèyàn jókòó sí fàráńdà ilé rẹ̀, tí fàráńdà wá ń rìn lọ. Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ní Fádèyí ń kí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ sítíkà ní Ṣómólú sọ ọ́ ní Ọ̀gá Igbó. Ẹni tó bá wà níwájú, Kàsúmù á kí i padà, á bèèrè ilé, á bèèrè ọmọ. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn, á kàn na ọwọ́ sókè, kí ìkíni má bàa ṣòfò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan dá a dúró ní Palmgrove, ó bi í pé díńgí dà. Kàsúmù ní ó wà nílé. Ẹ̀ṣọ́ náà ní ṣé ilé ni wọ́n ti ń fi í wakọ̀ ni. Kàsúmù wá ń ṣàlàyé pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí gan-an ló ṣe é kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tú, bí ẹjọ́ bá wà, ọ̀dọ̀ wọn ni kó lọ. Ẹ̀ṣọ́ náà ní òun ò bèèrè ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, díńgí lòun bèèrè. Ó wo irun funfun tó wà lágbọ̀n bàbá, ó ní kó lọ de díńgí kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kàsúmù dúpẹ́ gan-an, ó sì ti gbàgbé kó tó dé Fádèyí.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Kàsúmù wọ agbádá funfun lọ kírun, ó sì gba ojú ọ̀nà Pedro bọ̀. Atẹ́gùn wọnú agbádá, ó wú, apá òsì rẹ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ síta. Ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn. Ó tún gbọ́ òmíràn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn obìnrin tó ń pe Bàbá Sàmàdù, lẹ́ẹ̀kínní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń pè ní iyì nìyí. Ọrùn kò yí, díńgí kò sí, ọwọ́ òsì sì ni ọwọ́ tó wà lẹ́bàá ìta. Ó na ọwọ́ òsì náà jáde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ju ìkíni sẹ́yìn lẹ́ẹ̀méjì, ó sì tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tó délé, ó rí i pé etí agbádá ti ya, ó sì dúdú fún gíríìsì. Ó ṣépè fún alágbàfọ̀ rẹ̀ títí ó fi jẹun tán.

Nírọ̀lẹ́ ni Àbdùlsàmàd wọlé, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọdún kẹrin rèé tí òun àti Munirat ti ń bára wọn bọ̀. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdílé méjèèjì fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Alhaja Rashidat, ìyá Munirat, tó ń ta páìpù àti táàpù omi ní Pedro, ló bí ọmọ yìí, tó sì dá a tọ́, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Alhaja náà ló pe Àbdùlsàmàd lọ́sàn-án pé kí wọ́n jẹ́ kí nǹkan dúró ná.

“Bàbá, wọ́n ní inú kẹ̀kẹ́ Márúwá làwọn wà lẹ́yìn yín lónìí. Wọ́n pè yín lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ẹ fi ọwọ́ òsì lé àwọn bí ẹni lé adìyẹ.”

Kàsúmù gbé síbí kalẹ̀. Ó búra pé òun ò rí Alhaja. Mojíbọ́lá bi í pé ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀ gbalasa báyìí, tí ẹyẹ lè wọlé kó jáde, kí ló dí i lójú nínú rẹ̀. Kàsúmù tún búra. Òótọ́ ló ń sọ, kò sì sẹ́ni tó lè gba òótọ́ náà gbọ́. Ohun tó tún dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé Àbdùlsàmàd ò bínú, kò jiyàn, ó kàn dìde, ó sì lọ sùn. Ẹni tó ń tọrọ ìyàwó fún ọmọ, tó wá ń fi ọwọ́ òsì kí ìyá ìyàwó, kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Kàsúmù ò lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà á pé ọwọ́ ara òun ló ba ayé ọmọ òun jẹ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun àti Mojíbọ́lá lọ bẹ̀bẹ̀. Mojíbọ́lá ní kí àwọn wọ kẹ̀kẹ́, Kàsúmù kọ̀, ó ní ẹni tó bá fi ọkọ̀ ṣẹ̀ ni kó fi ọkọ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Alhaja Rashidat jókòó láàárín páìpù, ìborùn rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ le. Ó dáhùn ìkíni Mojíbọ́lá pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ti Kàsúmù, ó kàn mi orí. Kàsúmù rojọ́ tirẹ̀ títí, Alhaja gbọ́ ọ tán, ó bi í bóyá ó gbọ́ ohùn òun lánàá. Kàsúmù ní òun gbọ́ ọ. Ó bi í bóyá ó rí òun. Kàsúmù ní òun ò rí i.

Alhaja dìde. Ó ní kí Bàbá Sàmàdù lọ jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lọ dúró lẹ́yìn jíìpù lápá òsì, níbi tí kẹ̀kẹ́ tó gbé e wà lánàá, ó sì ní kí Mojíbọ́lá wá dúró ti òun. Àwọn aládùúgbò ti ń jáde wá wòran.

“Ó dáa,” ni Alhaja wí. “Kí ni mo dì mú?”

Kàsúmù wo díńgí inú ọkọ̀, ó rí páálí bébà. Ó gbìyànjú láti yí ọrùn, ọrùn dún, kò yí. Ó rò ó lọ rò ó bọ̀, ó ní páìpù ni. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, torí ọwọ́ Mojíbọ́lá ni Alhaja dì mú. Alhaja ní kó tún wò ó, kí ló wà lọ́wọ́ òun báyìí. Kàsúmù ní táàpù omi. Alhaja kò mú ohunkóhun dání, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló nà sókè bí ẹni ń ṣàdúrà. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Kàsúmù ṣì ń ro ohun tí òun fẹ́ sọ nígbà tí Alhaja yọ́ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sọ̀rọ̀ sí i létí, bàbá ta kìjí lórí àga.

Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa parọ́ fún ara rẹ̀.

“Alhaja, ọrùn mi ò yí mọ́. Ó ti pé ọdún méjì. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́.”

Mojíbọ́lá, tó ti ń rò láti ọdún méjì pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí ọkọ òun máa yí gbogbo àyà sí òun bí òun bá ń sọ̀rọ̀, bojú wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ wọnú ọkọ̀, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ó sì fi síbẹ̀.

Alhaja kò bá àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló sọ fún un pé òun ń kí i lánàá. Agbádá rẹ̀ ló ti ń wọ ẹsẹ̀ táyà, gbogbo ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn ló ń fun fèrè, òun sì ń pariwo orúkọ rẹ̀ kí táyà má bàa fà á jáde lórí àga. Kò sí ilẹ̀kùn tó máa dá a dúró. “Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ẹ̀yin tú díńgí yín, ẹ wá ń lé ẹni tó fẹ́ bá yín rí i.”

Kàsúmù rántí etí agbádá tó ya àti gíríìsì ara rẹ̀, òtútù sì mú un lójú oòrùn. Ó bẹ Alhaja, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, ó bẹ alágbàfọ̀ náà. Alhaja ní òun gbà pé kò rí òun, òun sì ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ti ọmọ òun yàtọ̀. Ilé tí àgbà ibẹ̀ kò ti fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ṣì ní láti rò ó dáadáa kí òun tó fi ọmọ síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ ná.

Ọ̀dọ̀ Samson ni wọ́n gbà lọ tààrà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, díńgí méjì ti wà lójú ibi tí bóòtù ilẹ̀kùn wà, páálí bébà sì ti kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Kàsúmù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ to àwọn díńgí náà, ó tò wọ́n débi pé fìlà ara rẹ̀ nìkan ló ń rí. Samson rọra bá a tún un tò. Nígbà tó wọ ọ̀nà, ẹnu yà á. Kẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kadà wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá kan tó pọnmọ ń sáré sọdá bó ṣe ń kọjá tán. Gbogbo wọn ló ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ojú tì í, ó sì rọra ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú kọjá, Ajé kọjá, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú kọjá, Alhaja kò sọ nǹkan kan. Àbdùlsàmàd ń rù. Lọ́jọ́bọ̀, Kàsúmù ń bọ̀ lójú ọ̀nà Pedro, ó yẹ díńgí òsì wò, ó rí ìborùn funfun nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Alhaja ni. Kò pè é o. Ibòmíì ló tiẹ̀ kọjú sí.

Ẹlòmíràn á máa lọ. Kàsúmù dá jíìpù dúró láàárín ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sáà sí ilẹ̀kùn tó máa ṣí, ó rìn padà lọ síwájú kẹ̀kẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ọ̀dà títì. Fèrè ọkọ̀ gba gbogbo Pedro. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ọ̀kadà bèèrè bóyá bàbá náà gbádùn. Kàsúmù fẹ́ dìde, ọrùn kò gbà, apá náà kò gbà, ó wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Alhaja Rashidat sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ó fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di apá bàbá mú, ó sì fà á sókè.

“Àna mi,” ni ó wí, “ẹ dìde, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́nà. Ẹ tètè dé ní Sátidé.”