Lẹ́ńsì Tó Gba Gbogbo Ilé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìfojútẹ́ńbẹ́lú ṣe ń wọ bàtà dídán, kí ó bá Ayàwòrán wọ ilé ìtajà kámẹ́rà tó wọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó kí olùtajà tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni olùtajà dá lóhùn, ìyẹn Awakọ̀, ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́ńsì àti ọmọrí ìkòkò.

"Ọ̀gá mi, kí ni kí n gbé fún àbúrò yín?"

"Ẹ bi òun fúnra rẹ̀," ni Awakọ̀ wí. "Ọkọ̀ ni mo wa wá ní tèmi."

Ìbínú Ayàwòrán kì í hó. Dídì ló máa ń dì, bí omi inú fíríìsà. Iṣẹ́ yìí gan-an ló kà gboyè ní yunifásítì, ó sì ti mọ́ ọn lára kí wọ́n máa wá ọkùnrin wò lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó fèsì. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀, ó la ọ̀rọ̀ náà yékéyéké. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀ kò gbé e mọ́. Inú yàrá tóóró kan ló ń dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú, nítorí náà iná tó mọ́lẹ̀ yòò kò gbọdọ̀ kọjú sí i. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló wà nílé lónìí. Bó bá di ọ̀la, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nínú gbogbo àwòrán tó kọ́ sára ògiri màmá, kò sí èyí tí wọ́n pé sí.

"Nítorí náà, lẹ́ńsì tó gba ibi tó fẹ̀ ni mo fẹ́, èyí tó dúró sójú kan, tí kì í sún, tí kì í fà, tí ojú rẹ̀ lè ṣí gbayawu kó gba ìmọ́lẹ̀. Mo máa fi ya fọ́tò, mo sì máa fi ya fídíò."

Olùtajà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé lẹ́ńsì gbàǹgbà kan jáde, ó gùn bí ìgò omi. "Àǹtí, ẹ gbọ́ tèmi. Èyí ń sún, ó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Òun làwọn ọ̀gá ń lò."

"Níbo lẹ ń kó páálí sí?" ni Ayàwòrán bi í.

"Páálí kẹ̀?"

Yàrá páálí náà há bíi ti màmá. Ayàwòrán ní kí olùtajà àti Awakọ̀ dúró ti ògiri, ó pa iná kó lè ku ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kékeré nìkan, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Lẹ́ńsì àwọn ọ̀gá rí ikùn olùtajà àti ààbọ̀ etí Awakọ̀, gbogbo rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi lẹ́ńsì kékeré tó béèrè fún dípò rẹ̀: àwọn méjèèjì yọ láti orí dé bàtà, pẹ̀lú páálí tó yí wọn ká.

"Ó gbé wa tán!" ni Awakọ̀ kígbe. "Ọ̀gá, àṣé ẹ ní ẹsẹ̀?"

Nígbà tí olùtajà máa na ọjà, Awakọ̀ ló tún nà án sí. Ayàwòrán kò sọ̀rọ̀ sókè. "Ọwọ́ mi rèé," ló wí, ó sì dúró títí ọjà fi yà wá sínú rẹ̀.

Nílé, àkọ́bí màmá, ìyẹn Tíṣà Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá Ayàwòrán, ti to àwọn àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ ilé ìwé, láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn.

"Bùọ̀dá àgbà, ẹ má dúró létí àwòrán," ni Ayàwòrán bẹ̀ ẹ́. "Lẹ́ńsì yìí máa ń na ohun tó bá wà létí."

"Ipò àkọ́bí ni mo wà. Yà á!"

Ó yà á. Orí Tíṣà gùn jáde bí ìbẹ́pẹ. Àbíkẹ́yìn wò ó nínú kámẹ́rà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lé bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

"Ẹ fi hàn mí," ni màmá wí. Ó wò ó. "Ha! N kò bí eléyìí o." Tíṣà fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá fọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì. "Kí lẹ tò sí bí òpó? Ẹ gòkè wá."

"Màmá, bẹ́ẹ̀dì á kán," ni Tíṣà wí.

"Ta ló kọ́kọ́ tọ̀ sórí rẹ̀? Gòkè!"

Báyìí ni àwọn àgbàlagbà tí orí wọn ti funfun ṣe bọ́ bàtà, tí wọ́n rọ́ gun orí bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn, tí wọ́n ń ti ara wọn, ojú wọn sì sún mọ́ ojú rẹ̀ ní ìpele kan náà. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kù létí mọ́. Ayàwòrán ṣí ojú lẹ́ńsì gbayawu, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá sì tó gbogbo wọn. Ó yà á. Lẹ́yìn náà ó tan fídíò.

Wọ́n gbé kámẹ́rà fún màmá. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ojú wọn níkọ̀ọ̀kan nínú àwòrán, ó ń pè wọ́n lórúkọ ìgbà èwe: "Olóríkunkun. Ajẹmáyó. Ẹlẹ́nu Dídùn. Sáré-Jókòó. Ìkẹyìn mi." Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n pé."

Tíṣà fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Màmá di aṣọ rẹ̀ mú. "Níbo lò ń lọ? Ta ló ní mo ti ṣe tán?"

Ayàwòrán gba kámẹ́rà padà, ó sì tún tan fídíò.