Ọjọ́ Tí Ìyábọ̀ Búra

Gbà! Òǹtẹ̀ dún lórí ìwé. Ìwé wà lórí táǹkì Họ́ńdà, Họ́ńdà sì ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, torí ẹni tó gùn ún kò tilẹ̀ paná rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá kò sọ̀kalẹ̀. Kì í sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba sọ́jà ti gbé òfin ilẹ̀ jáde lọ́dún yẹn, tí ariwo sì ta pé ilẹ̀ tí kò bá níwèé, ìjọba á gbà á, ló ti ń gun alùpùpù láti Adó wá sí Ìgèdè, tó ń kiri ìbúra bí ẹni ń kiri búrẹ́dì. Àpò awọ kan lọ́rùn, òǹtẹ̀ pupa kan, páàdì yíǹkì dúdú kan. Lọ́yà Orí Họ́ńdà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe lọ́yà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ẹni tó lóǹtẹ̀ jiyàn?

"Màmá, àtàǹpàkò yín dà?"

Monínúọlá na àtàǹpàkò, ó tì í bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́yà ki ìwé bọ àpò. Ó parí.

Àyọ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ Monínúọlá, ń wò wọ́n láti ìdí ìkòkò àdín rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Àdín ń hó, èéfín ń ta á lójú, síbẹ̀ ó rí ohun tó rí: òǹtẹ̀ ti balẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè orúkọ Monínúọlá.

Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni Adéyẹyè, àbúrò rẹ̀, ọmọ bàbá kan náà, tó ń ṣe akọ̀wé l'Ádó, gbé ìwé kan wálé tó ní òǹtẹ̀ pupa yìí gan-an. Tíṣà Bámidélé ló bá Àyọ̀kẹ́ kà á. Ìwé ní Àyọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá dúró lójúkojú níwájú ẹni tó ń gba ìbúra l'Ádó, ó búra pé òun fi oko kòkó Òkè-Odò sílẹ̀ fún Adéyẹyè, ó sì tẹ̀ka sí i. Ìka wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìka ńlá, ó yí bìrìkìtì, ìka ẹni tó ń jẹun kánú. Àyọ̀kẹ́ kò dé Adó láti ọdún Àjíǹde.

Bàbá wọn ló fi oko yẹn lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Ọdún méjìdínlógún ló fi ro ó, tó fi ń ká kòkó rẹ̀, tó fi rán ọmọ mẹ́rin nílé-ìwé. Adéyẹyè ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Ìgbà tó débẹ̀ kẹ́yìn, ejò lé e, kò sì tíì padà lọ mú bàtà rẹ̀ títí dòní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí ni ẹbí fẹ́ pàdé nílé Baba Akínbọ́lá, olórí ẹbí, láti fa oko lé Adéyẹyè lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti pàdé Àyọ̀kẹ́ ló ń gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ bẹ Adéyẹyè, bóyá á yọ igi kòkó díẹ̀ fún un. Ìwé kì í parọ́, ni wọ́n ń wí.

Kó bẹ ta ni? Ẹni tó jí ni ládìẹ pa, ṣé a tún máa kúnlẹ̀ fún un kó tó fún wa ní ẹsẹ̀ rẹ̀?

Ó fa igi kúrò nídìí iná. Ó wo ẹ̀yìnkùlé. Ìyábọ̀ dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ìyábọ̀ ni ewúrẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá-ìyá Àyọ̀kẹ́ kú gan-an ni wọ́n bí i, gbogbo agboolé sì fohùn ṣọ̀kan pé màmá ló padà wá. Kí ni wọn ì bá tún sọ ọ́? Àná ló bímọ, méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Lọ́yà!" Àyọ̀kẹ́ ké sí i. "Ẹ yà síbí o. A ní ìbúra kan láti ṣe."

Họ́ńdà yí orí padà.

"Ta ló fẹ́ búra?"

"Ìyábọ̀ ni. Ó wà lẹ́yìnkùlé. Àná ló bímọ, kò tíì jáde."

"Ẹ kú ewu ọmọ o." Lọ́yà ti yọ ìwé, ó ti lù ú. Gbà! "Kí ló bí?"

"Ìbejì."

"Ẹdùnjọbí! Kí ló fẹ́ búra sí?"

"Oko Òkè-Odò. Pé òun ló ni ín. Pé ibẹ̀ lòun ti ń jẹ láti kékeré, kò sì sẹ́ni tó lè lé òun kúrò níbẹ̀."

Bírò ń sáré. "Ẹni ọdún mélòó ni?"

"Ẹnì kankan ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ọgbọ̀n ọdún." Ó kọ ọ́. "Ó kàwé?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n kò tíì síwèé tó rí tó fojú fò dá."

"Onígbàgbọ́ ni?"

"Ọjọ́ ìsinmi kan kì í kọjá kó má wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kàn máa ń lé e jáde ni."

Lọ́yà mi orí, àánú ṣe é. "Àwọn alàgbà ìjọ! Ọlọ́run ń wò wọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò níṣẹ́ kan gúnmọ́. Àmọ́ kò sí ọjọ́ ọjà tí kì í dé ọjà, kò sì sí ìsọ̀ tí kì í yà."

"Oníṣòwò," ni Lọ́yà wí, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Àyọ̀kẹ́ kò parọ́ kankan. Òun fúnra rẹ̀ ń yẹ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wò lọ́kàn bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, òótọ́ ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tó lè tú àṣírí: ẹ jẹ́ kí n rí i. Láti ibi Họ́ńdà dé ẹ̀yìnkùlé kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí ọkùnrin yìí bá sọ̀kalẹ̀, ìtìjú dé, oko sì lọ.

Lọ́yà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ gbé páàdì yìí lọ bá a, kó tẹ̀ka síbí. Ẹ ṣe kíá, wọ́n ń retí mi nílùú Ìyìn."

Ìyábọ̀ kò fẹ́ búra. Ó ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó ta á lẹ́ẹ̀kejì. Àyọ̀kẹ́ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó gbá ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú mú, ó tì í bọ yíǹkì, yíǹkì sì ta bo àtàǹpàkò òun náà.

"Bẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Kí nìyẹn?" Lọ́yà béèrè láti ìta.

"Ó ní ẹ ṣeun!"

Nígbà tí Lọ́yà gba ìwé padà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Kí ló dé tó fi là sí méjì?"

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn."

"Ẹ bá mi kí i kú ìfaradà." Ó fẹ́ ki ìwé bọ àpò.

Àyọ̀kẹ́ di etí ìwé mú. "Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?"

"Adó la ti ń tọ́jú wọn, Màmá."

"Ẹni tó búra ló ni ìwé. Ẹ fún mi." Ìgò àdín tó fẹ́ fi san owó iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, ó sì gbé e sẹ́yìn. Wọ́n wo ara wọn. Lọ́yà fi ìwé sílẹ̀, ó gba àdín, Họ́ńdà bú, ó di Ìyìn.

Nírọ̀lẹ́, ìloro Baba Akínbọ́lá kún. Adéyẹyè wọ kóòtù nínú ooru bí ẹni tó ń lọ gbàyàwó, fáìlì wà lábíyá rẹ̀. Ó yọ ìwé rẹ̀ jáde bí ẹni yọ ẹyin lábẹ́ adìẹ.

Baba Akínbọ́lá mí kanlẹ̀. "Àyọ̀kẹ́, ọmọ mi, ìwé ti dé ulé. Kí la tún fẹ́ bá òǹtẹ̀ wí?"

"Baba, èmi ò bá òǹtẹ̀ jà. Òun náà ni mo mú wá." Ó na ìwé Ìyábọ̀ sí Tíṣà Bámidélé. "Tíṣà, ẹ bá wa kà á."

Tíṣà fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó ń ka òyìnbó, ó ń tú u sí Yorùbá: pé Ìyábọ̀, obìnrin, ẹni ọgbọ̀n ọdún, Onígbàgbọ́, oníṣòwò ní Ìgèdè-Èkìtì, wá dúró lójúkojú níwájú òun lónìí, ó sì búra pé òun ló ni oko Òkè-Odò. Ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ̀ síwájú. "A ka ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí sí Ìyábọ̀ létí ní èdè rẹ̀, ó sì hàn pé ó yé e yékéyéké kó tó tẹ̀ka."

Adéyẹyè fò dìde. "Ta ni Ìyábọ̀? Ọ̀daràn obìnrin wo nìyẹn? Kó jáde wá wí i lójú mi!"

"Ṣé kí n lọ pè é?"

"Ẹ lọ pè é, Àǹtí! Ẹ pè é wá!"

Àyọ̀kẹ́ lọ. Nígbà tó padà dé, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyábọ̀ wà lẹ́nu okùn, ìbejì sì ń ta gìrọ́gìrọ́ tẹ̀ lé ìyá wọn.

"Òun rèé. Ó ní kí n bá òun kí yín."

Tíṣà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ìloro dàrú. Baba Akínbọ́lá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ń ní, "Oníṣòwò! Oníṣòwò!"

"Ẹ̀tàn ni!" Adéyẹyè ń làágùn nínú kóòtù. "Ìwé yẹn ò lè dúró níbì kankan! Ọkùnrin náà ò fojú rí i! Báwo ló ṣe máa lu òǹtẹ̀ fún ẹni tí kò fojú rí?"

Ẹ̀rín dá.

Àyọ̀kẹ́ kò gbóhùn sókè. "O ṣeun, ọmọ bàbá mi. Èmi ńkọ́? Níbo ló ti fojú rí mi?"

Baba Akínbọ́lá gba ìwé méjèèjì, ó tẹ́ wọn sórí itan. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó lójú. "Tíṣà, òǹtẹ̀ kan náà ni?"

"Ọ̀kan náà ni, Baba. Ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́."

"Ó dáa. Bí òǹtẹ̀ yìí bá ń sòótọ́, ewúrẹ́ ló loko, kí Adéyẹyè bá a sọ ọ́. Bó bá ń parọ́, oko wà lọ́wọ́ ẹni tí baba yín fi lé lọ́wọ́." Ó jẹ́ kí ìwé Adéyẹyè bọ́ sílẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí Ìyábọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Òun ló jẹ ìdajì ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Ó rìn dé ìdí ìwé, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó sì yíjú sí èèpo iṣu lẹ́bàá ògiri. Ó dà bíi pé èyí dun Adéyẹyè ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí Àyọ̀kẹ́ délé. Ó bu eérú, ó bu àdín, ó fi ń fọ àtàǹpàkò rẹ̀. Yíǹkì ò kúrò. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún láyé, yíǹkì ò kàn án níka rí, àfi lónìí tó di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mú. Ó ń wo dúdú náà. Gbogbo ìgbà tó ti ń bẹ̀rù ìwé, ó ti rò pé nǹkan kan wà nínú òǹtẹ̀ yẹn tí irú òun ò lè mọ̀. Lónìí ó ti wo inú rẹ̀. Ó ṣófo. Kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀ rárá kó wo ènìyàn lójú, kó ní: ìwọ ta ni?

Bàtà dún lẹ́nu ọ̀nà. Monínúọlá ni. Gbogbo Ìgèdè ló ń rẹ́rìn-ín nírọ̀lẹ́ yẹn, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ síwájú, dúdú kirikiri.

"Àyọ̀kẹ́, kí ni mo tẹ̀ka sí láàárọ̀?"

"Kò kà á fún ọ?"

"Ó ní ìwé tí ìjọba ò fi ní gbalé mi ni. Ó ti gbé e lọ."

"Ta ló júwe ilé rẹ fún un?"

Monínúọlá wo ilẹ̀. "Adéyẹyè ni."

Àyọ̀kẹ́ gbé igbá eérú kúrò lórí bẹ́ńṣì, ó sún fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó. Lẹ́yìnkùlé, Ìyábọ̀ ń pe àwọn ọmọ rẹ̀.

"Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni mọ́tò àkọ́kọ́ ń lọ Adó," ni Àyọ̀kẹ́ wí. "Ìwé rẹ la ń lọ gbà padà. Má fọ ọwọ́ yẹn."